Àṣà Ni Í Mú Ara Fúyẹ́, Kì Í Ṣe Ìtara Ọjọ́ Kan

Kò sí ìlú tàbí abúlé kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí a kò lè rí irú obìnrin yìí. Oníṣòwò ni, ó ti lé ní ẹni ọdún 45, ó sì ń jókòó ti ọjà rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ga, àti pé ó yẹ kí ó dín ara kù. Ẹ̀rù bà á. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ó búra pé òun kò ní fi ẹnu kan òkèlè mọ́. Kò jẹun ní òwúrọ̀. Ewébẹ̀ díẹ̀ ni ó fi ń sùn ní alẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ dáradára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n pè é sí òde ìsìnkú. Ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ iyán, ó sì mu mínírà méjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní Ọlọ́run kò dá irú nǹkan yìí mọ́ òun. Ó padà sí bí ó ti ń jẹun tẹ́lẹ̀, kò sì padà sí ilé ìwòsàn mọ́, nítorí pé ojú ń tì í.

Àwọn ará ilé a máa sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ìfaradà. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtara ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ìtara a sì máa tán bí epo inú fìtílà. Ohun tí ń gbé ènìyàn dé òpin irú ìrìn àjò yìí ni àṣà, èyíinì ni ìṣe tí ó ti mọ́ ni lára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ṣe é láìronú, pẹ̀lú ìpinnu tí ń mú ni padà sí ojú ọ̀nà nígbà tí a bá ti ṣìnà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti kan gbogbo ilé

Ní ayé àtijọ́, ara sísan jẹ́ àmì àlàáfíà. Bí ìyàwó tuntun bá sanra, a ó yin ọkọ rẹ̀ pé ó mọ ìtọ́jú. Bí ọkùnrin bá yọ ikùn, a ó ní owó ti dé. Ìdí wà fún èrò náà, nítorí pé ebi àti àrùn ni ó sábà ń mú ènìyàn gbẹ nígbà náà. Ẹni tí ń ro oko láti òwúrọ̀, tí ó tún ń fi ẹsẹ̀ rìn padà wálé pẹ̀lú ẹrù lórí, ń lo gbogbo oúnjẹ tí ó jẹ. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀kadà ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí oko, ẹ̀rọ ni ó ń rin gbágùúdá, ọ̀pọ̀ sì ń jókòó ti ọjà tàbí ti iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Òkèlè kò dín, epo inú ọbẹ̀ ń pọ̀ sí i, ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì ti dé gbogbo ìsọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́jọ ní gbogbo ayé ni ó sanra ju bí ó ti yẹ lọ. Ìwádìí mìíràn wà tí ó kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí kan gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn ènìyàn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, yálà wọ́n ṣì wà nílé tàbí wọ́n wà ní òkè òkun. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, àti ní ìlú Maywood nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà. Nínú àgbàlagbà 100, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru jẹ́ 16 ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Kàríbíà, àti 33 ní Amẹ́ríkà. Bí ara àwọn ènìyàn náà ti ń wúwo sí i láti ibì kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ń pọ̀ sí i. Ìran kan náà ni wọ́n. Bí wọ́n ti ń jẹun àti bí wọ́n ti ń gbé ayé wọn ni ó yàtọ̀. Bí ẹni tí ó wà nílé bá wá gba irú ìgbé ayé yẹn, àrùn náà kò ní bi í léèrè pé níbo ni ó ń gbé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kì í pariwo nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé, tàbí tí ojú yóò fi ṣókùnkùn, tàbí tí kíndìnrín yóò fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Egbò kékeré ní ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè kọ̀ láti jinná títí dókítà yóò fi gé ẹsẹ̀ náà. Kì í ṣe aláìsàn nìkan ni ìyà ń jẹ. Ìtọ́jú ẹnì kan tí rọpárọsẹ̀ dá mọ́lẹ̀ lè gba ilẹ̀ oko, kí ó sì gba owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n nílé lè fi okùn wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Kí ó fi okùn wọn gíga ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kí ó ṣẹ́ okùn náà sí méjì. Kí ó wá fi ìlàjì yìí yí ikùn rẹ̀ ká, ní agbedeméjì egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti egungun ìbàdí, láìfa ikùn wọlé. Bí etí okùn méjèèjì bá kan ara wọn, tí ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀, ó dára. Bí wọn kò bá kan ara wọn, ọ̀rá ti pọ̀ jù ní ikùn, ó sì tọ́ kí onítọ̀hún lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Òṣùwọ̀n yìí wà lára ìtọ́sọ́nà tí a fún àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2022. Kò wà fún aboyún.

Ìdí tí ìtara fi ń tán

Ìtara ni iná tí ẹ̀rù kan, ìtìjú kan tàbí ọ̀rọ̀ ìyànjú kan dá sílẹ̀ nínú ọkàn. Ó dára, nítorí pé láìsí i ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kì í dúró lójú kan. A máa pọ̀ ní òwúrọ̀, a sì máa dín kù ní alẹ́ nígbà tí ó bá ti rẹ ènìyàn. A máa pọ̀ ní ọjọ́ tí a kúrò ní ilé ìwòsàn, a sì máa dín kù nígbà tí ara bá tún dàbí ẹni pé ó le. Ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ rẹ̀ lé ìtara lórí yóò máa jẹun bí ọkàn rẹ̀ bá ti rí, ọkàn a sì máa yípadà.

Ìdí kejì wà nínú ara fúnra rẹ̀. Ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyàn tí ó mú ní ìlú àti ebi tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Láàárín ọdún 1944 àti 1945, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ancel Keys ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà gba ọ̀dọ́mọkùnrin 36 tí ara wọn le, tí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn. Ó dín oúnjẹ wọn kù gidigidi fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kí a lè mọ bí a ó ti tọ́jú àwọn tí ebi ogun ti sọ di egungun. Wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ gba gbogbo ọkàn wọn: oúnjẹ ni wọ́n ń sọ, oúnjẹ ni wọ́n ń rò, òtútù ń mú wọn, inú sì ń bí wọn sí ara wọn. Nígbà tí a tú wọn sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ àjẹjù, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn kò yó.

Àwọn tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara wọn ni ó ń jà láti gba ohun tí ó sọnù padà. Bákan náà ni obìnrin oníṣòwò tí a sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó ti febi pa ara rẹ̀ tó ní ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ṣe mú un lọ́ranyàn ní ọjọ́ òde.

Bí àṣà ti ń mọ́ ni lára

Kò sí àgbàlagbà tí ń dúró ní òwúrọ̀ láti bi ọkàn rẹ̀ léèrè bóyá ìtara wà láti fọ ẹnu. Bí ó bá ti jí, ọwọ́ rẹ̀ a ti kan orín. Mùsùlùmí kì í dúró de ìwúrí kí ó tó ṣe àlùwàlá. Bí ó bá ti gbọ́ ìpè ìrun, ìdí omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ. Ọmọ tí a tọ́ dáradára kì í ṣírò kí ó tó kúnlẹ̀ tàbí kí ó tó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Ohun kan náà ni ó so gbogbo ìwọ̀nyí pọ̀: a ti ṣe wọ́n ní àkókò kan náà, lẹ́yìn ohun kan náà, lọ́jọ́ gbogbo, títí wọn kò fi gba agbára lọ́wọ́ ọkàn mọ́.

Àwọn olùwádìí ní University College London wo bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Wọ́n ní kí ènìyàn 96 yan ohun kan ṣoṣo tí ó jẹ mọ́ jíjẹ, mímu tàbí ìṣísẹ̀ ara, kí oníkálukú sì máa ṣe tirẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ohun kan tí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Lára àwọn tí ìṣirò tiwọn jọra dáradára, agbedeméjì iye ọjọ́ tí ó gbà kí nǹkan náà tó mọ́ wọn lára jẹ́ 66. Ẹni tí tirẹ̀ yá jù lo ọjọ́ 18. Ìṣirò fi hàn pé tí ẹni tí ó pẹ́ jù lè gba ọjọ́ 254. Omi mímu àti oúnjẹ yára mọ́ wọn lára ju eré ìdárayá lọ. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìwádìí náà ni èyí: ẹni tí ó bá pa ọjọ́ kan jẹ kò pàdánù ohun tí ó ti kó jọ. Bí ó bá padà sí i ní ọjọ́ kejì, àṣà náà ń bá ìdàgbà rẹ̀ lọ.

Àǹfààní irú àṣà kéékèèké bẹ́ẹ̀ hàn gbangba nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Ènìyàn 3,234 ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga, ṣùgbọ́n kò tíì di àtọ̀gbẹ. A pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. A fún apá kan ní oògùn àtọ̀gbẹ tí a ń pè ní metformin. A fún apá kejì ní oògùn tí kò ní agbára nínú, kí a lè fi wé àwọn yòókù. A kọ́ apá kẹta ní ẹ̀kọ́ 16 lórí bí a ti ń jẹun, bí a ti ń kọ ohun tí a jẹ sílẹ̀, àti bí a ti ń rìn fún ìṣẹ́jú 150 ní ọ̀sẹ̀ kan. Olùtọ́sọ́nà kan sì ń pàdé wọn déédéé. Ìwọ̀n ara tí wọ́n pàdánù kò pọ̀. Ní ìpíndọ́gba ó jẹ́ nǹkan bí kìló márùn-ún àbọ̀. Síbẹ̀, àtọ̀gbẹ tuntun láàárín wọn dín kù ní 58 nínú 100 sí ti àwọn tí kò gba oògùn tí ó ní agbára. Ti àwọn tí ń lo metformin dín kù ní 31. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, púpọ̀ nínú wọn ti gba lára ìwọ̀n náà padà, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ ṣì kéré láàárín wọn.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Kò pọn dandan kí ènìyàn di tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó tó rí èrè. Ẹni tí ó wọn kìló 80, tí ó sì dín kìló márùn-ún sí mẹ́fà kù, ti ṣe ohun ńlá fún ara rẹ̀.

Bí a ti lè bẹ̀rẹ̀

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ènìyàn mú lẹ́ẹ̀kan, kí ohun náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ṣe é ní ọjọ́ tí ó rẹ̀ ẹ́, kí ó sì so ó mọ́ ohun tí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó sọ pé "Èmi yóò máa jẹun dáradára" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tí ó sọ pé "Bí mo bá ti fọ ọwọ́ láti jẹ oúnjẹ alẹ́, ẹ̀fọ́ ni n ó kọ́kọ́ bù sínú àwo" ti mọ ìgbà, ó sì ti mọ ohun tí yóò ṣe.

Ibi tí ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni ohun mímu. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50 sẹ̀ǹtílítà sábà máa ń ní nǹkan bí gíráàmù 50 ṣúgà, èyí tí ó tó ṣíbí kékeré 12. Fún ẹni tí ń jẹ oúnjẹ tí agbára rẹ̀ jẹ́ kálórì 2,000 lójúmọ́, ìgò kan ti tán gbogbo ṣúgà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ rékọjá. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ìjọba Àpapọ̀ fi fi owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ nínú Òfin Ìnáwó ọdún 2021. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti mu ìgò kan pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán lè fi omi tútù rọ́pò rẹ̀, kí ó má sì fi kún un títí oṣù méjì yóò fi pé.

Lẹ́yìn èyí ni epo. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tàbí òróró ní nǹkan bí kálórì 120, èyí tí kò jìnnà sí agbára tí ẹni tí ó wọn kìló 70 ń lò láti fi rin ìrìn ìdajì wákàtí. Ìyá tí ń da epo láti inú ìgò kò lè mọ iye tí ó dà. Bí ó bá ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, yóò mọ̀ ọ́n, owó epo pàápàá yóò sì dín.

Òkèlè kì í ṣe ọ̀tá. Iyán, àmàlà, èbà àti ẹ̀kọ ni àwọn bàbá ńlá wa fi dàgbà. Ṣùgbọ́n nínú àwo ọ̀pọ̀ ènìyàn, òkèlè dàbí òkè, ọbẹ̀ sì dàbí odò kékeré ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tọ́ kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ewédú tàbí ilá gba ìdajì àwo, kí òkèlè gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin sì gba ìdá tí ó kù. Ẹ̀wà àti gbẹ̀gìrì dára fún ẹni tí owó ẹran kò ká. Àwo kékeré tí a ń lò lójoojúmọ́ yóò wọn òkèlè fún ni láìsí ìjà, nítorí pé ọwọ́ a máa bù dé ibi tí àwo bá gbà á. Ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí máńgòrò, ní ìgbà wọn, dára láti fi panu ju bisikíìtì lọ.

Ní ti ìrìn, ìdajì wákàtí ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ti pé ìṣẹ́jú 150. Ẹni tí ń jókòó ti ọjà lè sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí ó tó dé ilé, kí ó fi ẹsẹ̀ rin èyí tí ó kù. Ọ̀nà ilé ni yóò máa rán an létí.

Gbogbo ilé ní láti kópa nínú rẹ̀. Ìyàwó kò lè dín epo kù bí ọkọ bá ń ti àwo sẹ́yìn, bàbá kò sì lè dín òkèlè kù bí a bá kà á sí àbùkù fún ẹni tí ó sè é. Ó sàn kí a se ìkòkò kan fún gbogbo ènìyàn, kí àwọn ọmọ sì ti kékeré mọ adùn ẹ̀fọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀

Òde yóò wà. Ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ àti ọdún kò ní ṣàì dé, ẹ̀gàn ni yóò sì jẹ́ bí ènìyàn bá kọ oúnjẹ ẹni tí ó pè é. Ìpinnu kì í ṣe pé kí a má lọ. Ìpinnu ni kí a ti mọ ohun tí a ó ṣe kí a tó kúrò nílé: bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, a ó jẹ àwo kan, bí wọ́n bá gbé mínírà wá, a ó béèrè omi. Kí ènìyàn má sì fi ebi lọ sí òde.

Bí ó bá sì jẹ àjẹjù, òwe àgbà ti sọ ohun tí yóò ṣe. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí ó wo ohun tí ó gbé e ṣubú, kí ó tún un ṣe, kí ó sì padà sí àṣà rẹ̀ ní oúnjẹ tí ó tẹ̀ lé e. Kò gbọdọ̀ fi ebi jẹ ara rẹ̀ níyà ní ọjọ́ kejì, nítorí ebi náà ni yóò tún bí àjẹjù mìíràn. Ọjọ́ kan kò ba àṣà jẹ́. Ohun tí ń bà á jẹ́ ni kí a sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí ó ti bàjẹ́ lónìí, ó ti bàjẹ́ pátápátá.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlínì kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ rẹ̀ kù lójijì kí ó tó rí dókítà, nítorí pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó sì dákú. Aboyún àti abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ febi pa ara wọn. Àgbo àti tíì tí ń mú ni ṣu léraléra kò dín ọ̀rá kù. Omi ara ni wọ́n ń fà jáde. Bí ara ẹnì kan bá sì ń rù láìṣe pé ó dín oúnjẹ kù, kí ó má dúpẹ́. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àtọ̀gbẹ, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn mìíràn lè wà ní ìdí rẹ̀.

Bí irú obìnrin oníṣòwò tí a sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ padà sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti rí i. Kí ó má ṣe búra ní ọjọ́ Ajé. Kí ó ra ìgò omi kan sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ rẹ̀, kí ó sì máa mu ún ní ìgbà tí ó máa ń mu mínírà. Nígbà tí èyí bá ti mọ́ ọn lára, kí ó wá mú ṣíbí wọ inú epo. Kí ó fi okùn rẹ̀ kọ́ sí ibi tí yóò máa rí i, kí ó sì máa fi wọn ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.